Ṣé O Mọ̀? Ìṣúra Tó Wà Níwájú Etí Ọmọ Rẹ

Ní ọjà Mile 12, agbọ̀n ni wọ́n fi ń kó tòmátì, àgbọn jókòó lórí àtẹ, agbọ́n sì ń fò yí ọsàn tó ti rọ̀ ká. Àgbọ̀n ni tèmi o: àgbọ̀n ọmọ kékeré tó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ata, tó ń gé àgbàdo sísè jẹ bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí eegun àgbọ̀n yẹn ti pàdé agbárí, níwájú etí gan-an, ìṣúra ń bẹ níbẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣà á jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Sún mọ́ mi, kí n tú àpò.

Ṣé o mọ̀ pé o lè fọwọ́ kan oríkèé yìí kí o tó ka gbólóhùn tó kàn? Fi ìka kọ̀ọ̀kan síwájú etí rẹ méjèèjì, la ẹnu, pa á dé: nǹkan róbótó tó ń rìn lábẹ́ ìka rẹ yẹn ni kókó orí eegun àgbọ̀n, òun sì ni ọ̀gá ìtàn wa lónìí.

Eegun kan, oríkèé méjì! O lè ká orúnkún ọ̀tún kí o na ti òsì, ṣùgbọ́n gbìyànjú kí o la ẹnu lápá ọ̀tún nìkan, kí o wá sọ bó ṣe rí fún mi. Ìbejì ni wọ́n: ibi tí Táyé bá yí sí, Kẹ́hìndé á bá a yí.

Ọjọ́ tí wọ́n bí ọ ńkọ́? Eegun kan ọ̀hún, méjì ni nígbà yẹn! Àárín àgbọ̀n ni ìdajì ọ̀tún àti ti òsì ti pàdé, inú ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ń lẹ̀ pọ̀. Tí o bá rí ìlà dúdú tó gba àárín àgbọ̀n ìkókó kọjá lórí X-ray, má pariwo, eegun kankan kò kán.

Nínú gbogbo eegun ara, ta ló kọ́kọ́ le? Eegun tó dábùú láti ọrùn lọ sí èjìká ló gbapò kìíní, àgbọ̀n ló tẹ̀ lé e, nígbà tí oyún wà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 7, tí gbogbo ara ọlẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ.

Àmọ́ oríkèé àgbọ̀n fúnra rẹ̀, apẹ́lẹ́yìn gbáà ni! Orúnkún ti dé, ìgbáròkó ti dé, èjìká ti dé, kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í múra.

Ó dáa, kí ni ọlẹ̀ fi ń la ẹnu kí oríkèé yìí tó dé? Di ara rẹ mú: eegun etí ni! Àwọn eegun wẹ́wẹ́ tí o fi ń gbọ́ ariwo kọ̀ndọ́kítọ̀ ní Ketu lónìí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe mẹ́ńdé ẹnu fún ọ nínú oyún, kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tuntun, tí wọ́n sì lọ jókòó jẹ́ẹ́ sínú etí.

Ará Jámánì kan, Karl Reichert, ló tú àṣírí yẹn ní 1837, lára ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí a kò tíì bí. Eegun tó jẹ́ oríkèé àgbọ̀n lára alángbá ló di eegun ìgbọ́ràn lára wa. Nígbà mìíràn tí alángbá bá mi orí sí ọ lórí ògiri, rántí pé ohun tí ìwọ fi ń gbọ́ràn ni òun fi ń jẹ kòkòrò.

Ta ló máa gbà gbọ́ pé ẹranko kan wà tó ní méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà? Morganucodon lorúkọ rẹ̀, kò ju èkúté lọ, ilẹ̀ Wales ni wọ́n ti hú egungun rẹ̀ jáde. Ó ti lé ní mílíọ̀nù 200 ọdún tó ti gbé ayé, oríkèé àgbọ̀n àtijọ́ àti ti tuntun sì jọ wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ẹnu rẹ̀.

Ká padà sílé. Kòtò tí kókó yẹn ń gbé ńkọ́? Lára ìkókó, kò sí kòtò rárá! Pẹrẹsẹ bí àwo ni ibẹ̀ rí, òkìtì kékeré tó yẹ kó wà níwájú rẹ̀ kò tíì hù. Àǹfààní ńlá ni: àgbọ̀n á lè máa lọ síwá-sẹ́yìn láìsí ìdíwọ́, ohun tí ọmú mímu sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Àbí o mọ ohun tó ń pe òkìtì yẹn jáde? Eyín! Bí eyín ọmọdé ṣe ń yọ ni òkìtì ń ga. Ọmọ ọdún 2 ti ní nǹkan bí ìdajì gíga tí òkìtì náà máa ní lágbà, ọmọ ọdún 10 ti ń sún mọ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìyókù á sì máa yọ́ bọ̀ títí ọmọ yóò fi lé ní ogún ọdún.

Nítorí náà, gbé X-ray ọmọ ọdún 4 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 14. O lè búra pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ti àbúrò tẹ́jú, ti ẹ̀gbọ́n ní òkè àti àfonífojì, àwọn méjèèjì sì dára bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ kí wọ́n dára.

Òkété, ewúrẹ́, ajá: nínú wọn, ta ló ń jẹun bí ènìyàn? Òkété ń ti àgbọ̀n síwá-sẹ́yìn, ewúrẹ́ ń lọ̀ ọ́ sọ́tùn-ún sósì, ajá ń ṣí i ń pa á bí ìlẹ̀kùn. Ìwọ ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lórí ègé pọ̀nmọ́ kan ṣoṣo!

Wàyí o, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú àpò yìí. Lórí X-ray àgbàlagbà, ìlà funfun kan máa ń yí kókó àgbọ̀n ká, ó mọ́, ó tín-ín-rín, bí ẹni fi bírò funfun fà á. Wá ìlà yẹn lára ọmọ ọdún 8. O kò ní rí i! Etí kókó tiẹ̀ á rí bàìbàì, bí ojú gíláàsì tí oru ọbẹ̀ bò, ó tiẹ̀ lè rí gbágungbàgun.

Ibi tó ti dùn nìyí: bí àgbàlagbà bá ní irú etí bàìbàì yẹn, dókítà á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú àìsàn oríkèé. Bí ọmọdé bá ní i, dókítà á rẹ́rìn-ín. Kerekere ṣì wà lórí kókó náà, X-ray kì í sì í fi kerekere hàn. Eegun ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀, èèpo rẹ̀ ni kò tíì le.

Ìgbà wo wá ni ìlà funfun náà ń dé? Ó ń yọjú díẹ̀díẹ̀ láti bí ọmọ ọdún 12 sí 14, kì í sì í sábà yí kókó ká tán títí ọmọ yóò fi lé ní ogún ọdún. Àwọn ọmọbìnrin máa ń ṣáájú díẹ̀. Rò ó wò: o ti pé ọdún 18, o ti gba káàdì ìdìbò, o ti to sórí ìlà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé tó wà ládùúgbò láti dìbò, àgbọ̀n rẹ ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́!

Ìyá kan ní Ìkòsí sáré tọ̀ mí wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú X-ray ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún 9. Ẹnì kan tó bá a wò ó ti sọ fún un pé nǹkan ń jẹ eegun ọmọ náà lórí. Òru méjì ni kò fi sùn, ó sì dùn mí títí dòní, nítorí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pàdánù oorun lórí èyí. Nígbà tí dókítà eyín àwọn ọmọdé gbé fọ́tò náà síwájú iná, kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Màmá, ọmọ yín ń dàgbà ni."

Ìrísí mélòó ni kókó yìí lè ní? Mẹ́rin, ó kéré tán! Fi àtẹ ata Mile 12 rántí wọn: òmíràn rí róbótó bí ata rodo, òmíràn ní ẹnu ṣóńṣó bí ṣọ̀mbọ̀, òmíràn tẹ́jú lórí bí tàtàṣé tí wọ́n gé ìdí rẹ̀ kúrò, òmíràn sì tẹ̀ bí ìka ẹni tó ń pe ọmọ wálé. Kò sí èyí tó jẹ́ àìsàn nínú wọn.

Àwọn onímọ̀ kan tún wo kókó kan náà, ẹnu ẹyẹ ni wọ́n rí. Àwọn mìíràn rí dáyámọ́ńdì. Bí àwọn ọmọ ṣe ń wo ìkùukùu lójú ọ̀run, tí ọ̀kan ń rí erin, tí èkejì ń rí ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣé o mọ̀ pé kókó ìkókó rí roboto, àmọ́ ti àgbàlagbà gbòòrò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni? Ìbú ti àgbàlagbà tó mìlímítà 15 sí 20, nínípọn rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn kò ju 8 sí 10 lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni X-ray eyín sì ti ń wò ó, ẹ̀gbẹ́ tó tín-ín-rín. Ó dà bí ìgbà tí o bá wo abẹ́bẹ̀ láti etí.

Ìka ò dọ́gba, o mọ èyí tipẹ́. Ṣé o mọ̀ pé kókó ọ̀tún àti ti òsì ọmọ kan náà lè máà dọ́gba, kí ọ̀kan rí roboto kí èkejì ṣe ṣóńṣó, kí ọmọ náà sì máa jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà láìmọ lára?

Kódà, wọ́n lè dọ́gba kí X-ray sọ pé wọn ò dọ́gba! Bí orí ọmọ bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ẹ̀rọ pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 1 péré, ìyàtọ̀ tó tó ìpín 6 nínú 100 lè yọ láàárín gíga ọ̀tún àti òsì, níbi tí kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ta sì ni ọmọ ọdún 6 tí kì í yí orí?

Ẹ̀rọ wo tiẹ̀ ni? Ẹ̀rọ tó ń yí orí po ni, ọmọ á dúró ṣinṣin, apá ẹ̀rọ á yí i ká ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15, ó parí. Ohun tó bá jáde dà bí èèpo ọsàn tí wọ́n bó lódindi tí wọ́n sì tẹ́ sílẹ̀: orí tó rí róbótó ti di pẹrẹsẹ, etí ọ̀tún wà ní ìkángun kan, etí òsì ní ìkángun kejì, oríkèé àgbọ̀n sì wà níbi tí èèpo ti máa ń ya.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ni apá òsì ọmọ o! Bí ẹni dojú kọ ọ́ ni wọ́n ṣe ń wo fọ́tò náà. Àìmọye òbí ló ti ń nàka sí eyín tí kò ṣe nǹkan kan.

X-ray yẹn tún máa ń bu nǹkan tóbi. Ohun tó wà nínú rẹ̀ sábà máa ń fi bí ìpín 20 sí 30 nínú 100 tóbi ju bó ṣe wà lára lọ, kì í sì í tóbi lọ́gbọọgba. Má fi rúlà wọn àgbọ̀n ọmọ rẹ lórí rẹ̀.

Iwin yẹtí! Má sá. Ọmọbìnrin tí wọn kò bọ́ yẹtí rẹ̀ kó tó wọnú ẹ̀rọ lè ní yẹtí mẹ́rin lórí fọ́tò: méjì tó mọ́ kedere, àti méjì mìíràn tó rí bàìbàì, tó tóbi jù, tó sì ga jù, ní ẹ̀gbẹ́ òdìkejì. Òjìji ni, ìgbà mìíràn á sì bọ́ sítòsí oríkèé àgbọ̀n, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé irin ló wà nínú eegun.

Wọ́n á ní kí ọmọ fi eyín iwájú gé igi kékeré kan mọ́ ẹnu kí ẹ̀rọ tó yí, àbí? Igi yẹn nìkan ti tó láti fa àgbọ̀n rẹ̀ síwájú díẹ̀. Nítorí náà ni kókó fi máa ń dà bí ẹni pé ó ti kúrò láàárín kòtò rẹ̀ lórí fọ́tò, nígbà tó jẹ́ pé igi ló ní kó sún.

Àní, bí o bá la ẹnu gbàgà, kókó rẹ ń jáde kúrò nínú kòtò lóòótọ́! Á kọ́kọ́ yí níbi tó wà, lẹ́yìn náà á yọ̀ síwájú lọ sábẹ́ òkìtì. Àwọn oríkèé tó ń yí pọ̀, àwọn tó ń yọ̀ náà wà. Èyí ń ṣe méjèèjì láàárín ìyán kan.

Àlàfo dúdú tó wà láàárín kókó àti kòtò lórí X-ray, ṣé òfìfo ni? Rárá o! Tìmùtìmù kan jókòó síbẹ̀, ó rọ̀, ó sì lágbára, àárín rẹ̀ kò ní ẹ̀jẹ̀, kò sì ní iṣan tó ń mọ ìrora. X-ray ò lè rí i. Ẹ̀rọ MRI ni kó o bi.

Òrùlé kòtò yẹn ńkọ́? Gbé agbárí gbígbẹ sókè síwájú iná, ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá. Apá kejì rẹ̀ ni ọpọlọ wà. Gbogbo ẹran tí o ti jẹ láyé, ẹ̀yìn ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lo ti jẹ ẹ́.

Olórí méjì! Ní 1941, Aleš Hrdlička, onímọ̀ egungun ènìyàn ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn àgbọ̀n gbígbẹ kan tí kókó wọn pín sí méjì lórí. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní irú rẹ̀ kò mọ̀ títí X-ray tí wọ́n yà nítorí nǹkan mìíràn á fi sọ fún wọn.

Afárá oyin nínú eegun ńkọ́? Ní 1985, Tyndall àti Matteson yẹ X-ray ènìyàn 1,061 wò, 28 nínú wọn ló ní ihò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ nínú òkìtì iwájú kòtò. Ó dà bí nǹkan tí kòkòrò jẹ, àmọ́ afẹ́fẹ́ lásán ni, ara ilé kan náà pẹ̀lú ihò ẹ̀yìn etí. Ó ṣọ̀wọ́n lára ọmọ kékeré.

Ṣé o mọ̀ pé o ti ní ojú fèrèsé láàárín etí àti oríkèé àgbọ̀n rí? Gbogbo ọmọdé ló ń ní in, kì í sì í sábà kọjá nǹkan bí ọdún 5 kí ó tó dí. Emil Huschke, ará Jámánì mìíràn, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Lára àwọn àgbàlagbà díẹ̀ tí tiwọn kò dí, ẹran inú oríkèé lè máa yọ sínú ihò etí bí wọ́n bá pa ẹnu dé, kó sì máa padà bí wọ́n bá la ẹnu!

Ṣé o fẹ́ rí èrò inú bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ Mile 12? Wo X-ray ọmọ ọdún 6. Eyín ọmọdé 20 jókòó lókè, eyín àgbà sì to pọ̀ lábẹ́ wọn tí wọ́n ń retí kí ẹnì kan sọ̀kalẹ̀. Eyín 52 lènìyàn máa ń gbà láyé bí gbogbo rẹ̀ bá pé: 20 kọ́kọ́, 32 tẹ̀ lé e.

Ní nǹkan bí ọdún 6 náà, eyín àgbà kan máa ń yọ́ wọlé láti ẹ̀yìn pátápátá láìjẹ́ pé eyín kankan jábọ́. Àìmọye òbí ló ń pè é ní eyín ọmọdé, tí wọ́n sì ń jẹ́ kó kẹ̀. Ó dùn mí lórí eyín yẹn, nítorí kò ní àrọ́pò.

Èyí tó bá sì jábọ́ níwájú, ìwọ náà mọ ibi tó ń lọ: orí òrùlé! Kí alángbá má sì rí i o.

Ta ló kọ́kọ́ ya X-ray eyín? Otto Walkhoff, ní Jámánì, ní January 1896, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré lẹ́yìn tí Wilhelm Röntgen rí ìtànṣán náà ní 8 November 1895. Eyín ara rẹ̀ ló yà, ó sì fi odindi ìṣẹ́jú 25 dúró láìmira. Pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àárọ̀ Monday, o lè má tíì kúrò ní Ketu dé Òjótà láàárín àkókò yẹn.

Lónìí, ìtànṣán tó wà nínú X-ray oníyípo kan kò ju èyí tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ń ta sí wa lára láàárín ọjọ́ mélòó kan lọ. Síbẹ̀, dókítà gidi kì í yà á fún ọmọdé láìnídìí, inú mi sì ń dùn bí mo bá rí èyí tó kọ̀.

Ọgbọ́n yìí ò jìnnà sí wa: Yunifásítì ìlú Èkó ló kọ́kọ́ dá ilé ẹ̀kọ́ oníṣègùn eyín sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Ìdí-Àràbà, ní 1966. Wọ BRT ní Mile 12, sọ̀kalẹ̀, wọ òmíràn, o ti débẹ̀.

Ìka mélòó ló yẹ kó gba ẹnu ọmọ wọlé ní òòró? Mẹ́ta! Ìka tirẹ̀ o, kì í ṣe ìka bàbá rẹ̀. Ṣe é lálẹ́ òní bí eré.

Gbọ́ èyí dáadáa. Kókó àgbọ̀n ọmọdé rọ̀ nínú, ó kún fún ẹ̀jẹ̀, èèpo rẹ̀ sì fẹ́lẹ́; bí ọmọ bá fi àgbọ̀n ṣánlẹ̀ nílẹ̀ pápá, orí kókó, níwájú etí, lè là níbi tí ẹnikẹ́ni kò wò. Ìyanu rẹ̀ sì ni pé kókó ọmọ kékeré tó kán lè tún ara rẹ̀ mọ, kí ó tún rí róbótó padà, ohun tí ti àgbàlagbà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ èyí tí wọn kò tọ́jú lè dì gbagidi. Ní Kaduna, E. O. Adekeye kó ìtàn ènìyàn 76 tí oríkèé àgbọ̀n wọn ti dì jọ, ìwé náà jáde ní 1983. Ìṣubú àti egbò etí tó wọnú lọ wà lára ohun tó ń fà á. Nítorí náà, ọmọ tó fi àgbọ̀n ṣubú, tí ìka mẹ́ta kò wọ ẹnu rẹ̀ mọ́, tàbí tí àgbọ̀n rẹ̀ ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe ń la ẹnu, má fi rọ́bù pa á sùn. Gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Àti kẹ̀kẹ̀ tó ń dún níwájú etí nígbà tí ọmọ bá ń yán? Bí kò bá dùn ún, tí ẹnu sì ń ṣí dáadáa, kì í sábà nílò ìtọ́jú.

Àwọn àgbà wa ti mọ ibi tí ìyà ń dé sí: ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Eegun àgbọ̀n yìí náà sì ni eegun tó tóbi jù tó sì lágbára jù lójú. Párì kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni Bíbélì ní Sámúsìn gbé tó fi pa ẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Wo ọmọ tuntun, kí o wo ìyá àgbà tí kò ní eyín mọ́. Igun tí àgbọ̀n ti ṣẹ́ lábẹ́ etí máa ń ṣí gbalaja lára ìkókó, á ká wọlé bí ènìyàn ṣe ń dàgbà. Bí eyín bá ti tán nílẹ̀, á tún ṣí. Ìkókó àti ìyá ìyá rẹ̀ tún wá jọra lábẹ́ etí.

Ó ku ẹyọ kan nínú àpò. Ọmọ tó wà nídìí ata yẹn, àgbọ̀n rẹ̀ ń yọ síwájú lọ́dọọdún, ìyá rẹ̀ pàápàá ti ń sọ pé ojú rẹ̀ ti ń dà bí ti bàbá rẹ̀. Ṣé iwájú ló ti ń dàgbà? Rárá! Ẹ̀yìn ni, lókè, lórí kókó bàìbàì tí ìlà funfun kò tíì yí ká yẹn. Ibẹ̀ ni eegun tuntun ti ń wá, òun ló sì ń ti gbogbo àgbọ̀n lọ síwájú àti sísàlẹ̀. Danfo tó kú sí abẹ́ afárá Ketu ni: ẹ̀yìn ni àwọn tó ń tì í wà, iwájú ló ń lọ.

Ó ti jẹ àgbàdo rẹ̀ tán. Ó rí i pé mò ń wo òun, ó la ẹnu gbàgà fún mi. Eyín iwájú méjì kò sí níbẹ̀. Orí òrùlé kan ní Ketu ni wọ́n wà.